Kẹ́ẹ̀gì Omi Tí Mo Tì Pa ní Ìkọ̀lé

Àwọn ọmọ tó ń jáde ní girama ní Ìtàjí níbí máa ń yà sọ́dọ̀ mi. Wọ́n á ní, "Màmá Láàbù, wọ́n ní kòkòrò tí ojú ò rí lẹ fi ṣiṣẹ́ jẹun títí ẹ fi fẹ̀yìn tì. Ṣé iṣẹ́ náà dára?" Mo máa ń wo ojú wọn dáadáa kí n tó dáhùn. Àwọn kan ń wá iṣẹ́ lóòótọ́. Àwọn mìíràn, ìyá wọn ló rán wọn wá wo irú ilé tí mo ń gbé. Ẹni tó ń wá iṣẹ́ ni mo ń kọ eléyìí fún. Kí ẹni tí wọ́n rán máa bá tirẹ̀ lọ.

Iṣẹ́ ìfura ni iṣẹ́ mi. Páńsá ò fura, páńsá já síná. Àjà ò fura, àjà jìn. Bàbá mi ló máa ń pa òwe yìí létí mi nígbà tí mo wà ní kékeré, mo sì gbà á sára ju bí òun fúnra rẹ̀ ti rò lọ. Ẹ óò rí i.

Mi ò ní pẹ́ lórí bí wọ́n ṣe gbà mí. Mo kọ̀wé, wọ́n pè mí, mo lọ. Owó rẹ̀ kò pọ̀, kò sì tètè ń wá. Láàbù kékeré kan ni, nítòsí Ìdó, níbi tí wọ́n ti ń yẹ omi kànga wò bóyá ó ṣeé mu. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ń jẹ́ Àjàyí, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í rẹ́rìn-ín, tí kì í sì í bọ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láàárín aago mẹ́jọ àárọ̀ sí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.

Kò sí ẹ̀rọ gidi nígbà náà. Ìkòkò onífèrè tí àwọn ìyàwó ilé fi ń se ẹran tó bá le la fi ń se irinṣẹ́ wa kí kòkòrò ara rẹ̀ lè kú, orí sítóòfù oníkẹrosíìnì la sì ń gbé e kà. A óò se oúnjẹ kòkòrò, a óò dà á sínú àwo pẹlẹbẹ, yóò dì bí ẹ̀kọ. Tí a bá kán omi kànga sí i lónìí, tí kòkòrò bá wà nínú omi náà, bó bá dọ̀la yóò ti hù lójú ẹ̀kọ yẹn tóótòòtó. Ìyá mi wá wò mí níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kan, mo fi àwo hàn án. Ó wò ó, ó sún sẹ́yìn.

"Morẹ́nikẹ́, ṣé uṣẹ́ nì yí? Kí ènìyàn máa fún ohun tó ń pa ni lóńjẹ?"

Oṣù mẹ́ta gbáko ni Ọ̀gá Àjàyí fi jẹ́ kí n máa fọ ìgò. Lẹ́yìn rẹ̀ ló kọ́ mi ní àwo ẹlẹ́rìí. Àwo ẹlẹ́rìí ni àwo tí a kò kán nǹkan kan sí. A kàn ṣí i, a dé e padà, a gbé e ti àwọn yòókù. Tí ohunkóhun bá hù nínú rẹ̀, ọwọ́ ẹni ló kó o wá, àdánù sì ni gbogbo iṣẹ́ ọjọ́ náà.

Lọ́jọ́ kan, nǹkan hù nínú àwo ẹlẹ́rìí mi. Ọ̀gá gbé e sókè sí ojú fèrèsé, ó wò ó.

"Ta ló ṣe é?"

"Ó jọ pé obìnrin tó ń gbálẹ̀ ni, sà. Ó ń gbálẹ̀ nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́."

"Ọwọ́ ta ló ṣí àwo?"

"Ọwọ́ mi, sà."

"Tìrẹ ni kó o kọ́kọ́ fura sí. Ìgbà tó bá tán lórí tìrẹ ni kó o tó wá sórí ti ẹlòmíì."

Ó da gbogbo àwo náà nù, ogójì, ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi ìgò fífọ̀. Mo sunkún délé. Inú mi ò dùn sí i fún ọdún púpọ̀, ṣùgbọ́n ohun tó sọ lọ́jọ́ náà ni gbogbo iṣẹ́ yìí dúró lé. Ká ní mo dì í mú ni, ìtàn mi ì bá kúrú.

Nígbà tí yunifásítì dé sí Ìkọ̀lé, wọ́n ń wá ẹni tó mọ iṣẹ́ láàbù, mo sì ṣí lọ síbẹ̀. Ọ̀gá Àjàyí ti fẹ̀yìn tì nígbà náà, kò pẹ́ tó fi kú. Èmi náà wá di ọ̀gá. Àwọn tó wà lábẹ́ mi kò pọ̀, ẹni tó sì dàgbà jù nínú wọn ni Bọ̀dá Ògúnlàdé, ọmọ Ọ̀tùn. Ó fi ọdún mẹ́fà jù mí lọ, ṣùgbọ́n ìwé mi ga ju tirẹ̀ lọ. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ilé alágbẹ̀dẹ ló ti wá, Ògún ni wọ́n ń bọ nílé wọn, kò sì fi bò. Èmi, olórin ìjọ ni mí. Mi ò jẹ́ sọ pé ìyẹn ló mú mi fura sí i, àmọ́ kò jẹ́ kí ó ṣòro fún mi.

Iṣẹ́ rẹ̀ dára, mi ò lè purọ́. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ló máa ń kó àwọn kẹ́ẹ̀gì tí a ń rọ omi oòru sí jáde, á fi omi gbígbóná àti bulíìṣì fọ̀ wọ́n, á sá wọn sóòrùn. Omi oòru ni omi tí a sè, tí a wá gba oòru rẹ̀ kó padà di omi, kó lè mọ́ gaara. Kò sí ohun tí a ń ṣe ní láàbù tí kì í gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá.

Wàyí o, ní àdúgbò kan ní Ìkọ̀lé, omi kànga bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Ìyá kan tí a ń pè ní Ìyá Bùnmi ló kọ́kọ́ ké sí wa. Ó fa omi sókè níṣojú wa: ọ̀rá ń dán lójú rẹ̀ bí ìyẹ́ ẹyẹlé, òórùn dísùùlù sì ń jáde. Ilé epo kan wà lókè àdúgbò náà, táǹkì rẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ ti jò fún ìgbà pípẹ́. Onílé epo náà ní kò jò. Ó ní àwọn ará àdúgbò ló ń da epo mọ́tò sílẹ̀.

Prófẹ́sọ̀ wa, tó ń ṣètò iṣẹ́ náà, mú ẹ̀rọ agbẹ́lẹ̀ wá. A gbẹ́ ilẹ̀ lọ títí dé ibi tí ẹrẹ̀ ti dúdú tó ń rùn, a sì ń gba ẹrẹ̀ náà sínú páìpù, a ń dí i lẹ́nu. Gbogbo àdúgbò jáde. Àwọn kan ní wúrà là ń wá. Ìyá Bùnmi dì mọ́ páìpù kan.

"Ẹrẹ̀ abẹ́ ulé mi nì yí. Níbo lẹ̀ ń gbé e lọ?"

"Láàbù ni, Màmá. Àwọn kòkòrò kan wà nínú rẹ̀ tó jẹ́ pé epo ni wọ́n ń jẹ. Tí a bá rí wọn, tí a bọ́ wọn kí wọ́n pọ̀, a lè dá wọn padà sísàlẹ̀ kí wọ́n jẹ epo náà tán."

Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Kòkòrò tó ń jẹ epo. Tó bá jẹ epo tán ńkọ́? Kí ni yóò jẹ?"

Ìbéèrè gidi ni. Nítorí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ la fi gbọ́dọ̀ ka jínóòmù kòkòrò kó tó padà sínú ilẹ̀. Ẹ ti gbọ́ nípa àyẹ̀wò DNA lórí redio, èyí tí wọ́n fi ń mọ ẹni tó bí ọmọ. Ohun abẹ̀mí gbogbo ló ní in, kòkòrò náà sì ní tirẹ̀. Lẹ́tà mẹ́rin péré ni wọ́n fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n àwọn lẹ́tà náà ń tò lọ bí èèrà, ọ̀kẹ́ àìmọye. Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ ni jínóòmù. Ẹni tó bá kà á tán yóò mọ ohun tí kòkòrò yẹn lè jẹ, yóò sì mọ̀ bóyá ó lè pa ènìyàn lára.

A ṣiṣẹ́ náà fún ohun tó lé ní ọdún kan. Inú omi iyọ̀ tí a da dísùùlù sí nìkan la ń fi ẹrẹ̀ náà sí, kí èyí tí kò bá lè jẹ epo kú. Níkẹyìn a rí ọ̀kan. Ó pọ́n bí epo pupa, ó sì ń jẹ dísùùlù bí ẹni ń jẹ iyán. Prófẹ́sọ̀ jó yí tábìlì ká. Ó pè wá jọ, ó ní a óò fi DNA rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn alájọṣe ní òkè òkun kí wọ́n kà á, nítorí kò sí ẹ̀rọ rẹ̀ lọ́dọ̀ wa.

Ìgbà náà ni ìfura mú mi lọ́rùn. Mo rò ó pé ohun tó níyì tó báyìí, wọ́n á jí i. Mo fura sí àwọn ará òkè òkun pé wọ́n á gbàgbé orúkọ wa. Mo fura sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé wọ́n ń ti ọwọ́ bọ kẹ́ẹ̀gì omi. Mo wá ra àgádágodo, mo ti yàrá tí àwọn kẹ́ẹ̀gì wà pa, mo fi kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo náà kọ́ ọrùn. Ẹni tó bá fẹ́ omi, á wá bá mi, n óò lọ bù ú fún un fúnra mi. Bọ̀dá Ògúnlàdé wá bá mi lọ́jọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e.

"Mọ́dàámù, ẹ jọ̀ọ́, kọ́kọ́rọ́ yàrá omi. Mo fẹ́ fọ kẹ́ẹ̀gì."

"Ẹ fi sílẹ̀, Bọ̀dá. Mò ń bójú tó o."

Mi ò bójú tó o. Ohun tí mò ń ṣe ni pé tí omi bá lọ sílẹ̀, mo máa ń rọ tuntun lé ògbólógbòó lórí. Omi náà ń dán. Ta ni yóò sọ pé omi tó ń dán kò mọ́?

Ní ọ̀sẹ̀ tí a fẹ́ fi DNA kòkòrò náà ránṣẹ́, iná ọba kò sí, gáàsì sì tán. Ó yẹ kí a fi omi tí a tún sè fọ kòkòrò náà kí a tó bọ́ ọ kẹ́yìn. Mo wo kẹ́ẹ̀gì mi tí mo tì pa, mo ní, "Ta ló tún kan èyí yàtọ̀ sí mi?" Mo bu omi nínú rẹ̀ tààrà. Mi ò ṣe àwo ẹlẹ́rìí. Mo ti dàgbà ju àwo ẹlẹ́rìí lọ lójú ara mi.

Prófẹ́sọ̀ ti sọ fún àdúgbò pé Ọjọ́bọ̀ kan báyìí la óò da kòkòrò náà sílẹ̀. Wọ́n ti gbẹ́ ihò mẹ́rin sílẹ̀ dè é. Nígbà tó ku ọjọ́ méjì, èsì dé láti òkè òkun. Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Prófẹ́sọ̀ nígbà tó ṣí i lórí kọ̀ǹpútà. Ó kà á, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó tún fi sí i.

"Méjì ló wà níbẹ̀," ló wí. "Tiwa kéré. Èyí tó pọ̀, kì í ṣe tiwa."

Èyí tó pọ̀ náà lè jẹ epo lóòótọ́, ìyẹn ni kò jẹ́ kí a mọ̀ pé àjèjì ti wọlé. Ṣùgbọ́n nínú lẹ́tà rẹ̀, wọ́n rí ohun tó fi ń ba egbò àti ojú ibi tó jóná jẹ́, irú èyí tó máa ń pa aláìsàn ní ilé ìwòsàn. Ọjọ́ méjì péré ló kù kí a dà á sábẹ́ kànga àwọn ènìyàn.

Wọ́n dá iṣẹ́ náà dúró. Àwọn tó ń fowó ràn wá lọ́wọ́ fà sẹ́yìn. Wọ́n gbé ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni-mẹ́ta kalẹ̀, wọ́n sì kọ́kọ́ pe èmi, ọ̀gá láàbù.

"Ta lẹ rò pé ó ṣe é?"

Mo ti ronú rẹ̀ dé wọn. Mo ní Bọ̀dá Ògúnlàdé ni. Mo ní wọn kò mú un nígbà tí wọ́n ń mú àwọn tí yóò lọ kọ́ṣẹ́ ní òkè òkun. Mo ní òun àti onílé epo, ọmọ Ọ̀tùn kan náà ni wọ́n, mo sì ti rí i tó dúró bá a sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ṣáájú ìfiránṣẹ́, orúkọ rẹ̀ nìkan ló wà nínú ìwé àwọn tó wọ láàbù. Kò sí irọ́ nínú rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ni ojú mi rí. Ìtumọ̀ tí mo fún un nìkan ni kì í ṣe òótọ́.

Wọ́n pè é wọlé, mo wà níjòkòó. Ó ní epo jẹnẹrétọ̀ láàbù ni òun ń rà lọ́wọ́ onílé epo. Ó ní òun wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta láti fọ ìgò, òun sì fẹ́ fọ kẹ́ẹ̀gì pẹ̀lú, ṣùgbọ́n wọ́n ti yàrá omi pa. Mo mi orí, bí ẹni pé mò ń gbọ́ irọ́.

Ó yọ kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn láàbù lápò, ó fi eyín há a. "Bí mo bá fọwọ́ kan kòkòrò yẹn láti bà á jẹ́, kí Ògún má jẹ́ kí n dé Ọ̀tùn láàyè."

Ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi náà fi ọwọ́ bo ẹnu. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni; ìgbìmọ̀ gbọ́ tirẹ̀ létí, ṣùgbọ́n tèmi ni wọ́n fi dájọ́. Wọ́n gbé e kúrò ní láàbù lọ sí sítọ̀, níbi tó ti ń ka àga àti bébà. Ọ̀rọ̀ náà jáde sí ìgboro. Mo fojú ara mi rí i lọ́jọ́ kan tó ń kọjá ní àdúgbò Ìyá Bùnmi: bí ìyá náà ṣe rí i lókèèrè ló sáré lọ fi páànù dé ẹnu kànga rẹ̀. Ọkùnrin náà rí i. Ó kọjá lọ. Kò tó ọdún kan lẹ́yìn náà tó fi kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, tó sì padà sí Ọ̀tùn.

Iṣẹ́ ń lọ. Ìkòkò onífèrè ti di ohun ìgbàgbé, wọ́n ra ẹ̀rọ ńlá tó ń fi iná mànàmáná se nǹkan. Àwọn ọmọ tuntun ń dé tí wọ́n ń fi fóònù ka ohun tí àwa fi ìwé ńlá kà. Nígbà tó ku oṣù mẹ́fà kí n fẹ̀yìn tì, ọ̀dọ́ obìnrin kan dé, Dókítà Tinúkẹ́, ó mú ẹ̀rọ kan dání tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, ó ní jínóòmù lòun fi ń kà. Mo rẹ́rìn-ín sínú. Mo fura sí ohun tó kéré tó bẹ́ẹ̀ tó lè ka ohun tó gùn tó bẹ́ẹ̀.

Ó fẹ́ tún iṣẹ́ ẹrẹ̀ abẹ́ ilẹ̀ yẹn bẹ̀rẹ̀, nítorí omi Ìyá Bùnmi ṣì ń rùn. Ó ní òun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ibi tí àjèjì ìjọ́sí ti wọlé. Ó kó àwọn ìgò àtijọ́ jáde ní fírísà, ó fi òwú nu ẹnu ẹ̀rọ omi, ó nu orí tábìlì. Ó wá dúró síwájú mi.

"Mà, ẹ ṣí yàrá omi fún mi. Mo fẹ́ nu inú kẹ́ẹ̀gì."

"Kẹ́ẹ̀gì mi? Ó mọ́ ju ẹnu ẹ lọ."

"Ẹ má bínú, Mà. Ẹ kàn jẹ́ kí n nù ún."

Ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Òwú náà jáde pẹ̀lú nǹkan kan tó ń yọ̀ bí ilá.

Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó fi hàn mí lórí kọ̀ǹpútà: lẹ́tà kòkòrò inú kẹ́ẹ̀gì lápá kan, lẹ́tà àjèjì ìjọ́sí lápá kejì. Wọ́n bá ara wọn mu láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àfi díẹ̀díẹ̀ tí àwọn ọdún tó ti kọjá láàárín ti yí padà. Mo ní ẹ̀rọ rẹ̀ ń purọ́. Ó tún un ṣe. Mo ní ọwọ́ rẹ̀ ni kò mọ́. Ó ní kí n ṣe é fúnra mi. Mo ṣe é, mo sì ṣe àwo ẹlẹ́rìí mẹ́ta pẹ̀lú rẹ̀. Nǹkan kan kò hù nínú àwọn àwo náà. Èsì kò yí padà.

"Mà," ló wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "ta ló ní kọ́kọ́rọ́ yàrá omi nígbà yẹn?"

Ó wà lọ́rùn mi. Mo jókòó.

Ó gbà mí tó oṣù kan kí n tó lè wọ mọ́tò lọ sí Ọ̀tùn. Mo bá Bọ̀dá Ògúnlàdé lábẹ́ òrùlé páànù kan, ó ń tún ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ ṣe. Irun rẹ̀ ti funfun. Ó dá mi mọ̀, ó nu ọwọ́, ó gbé àga fún mi. Mi ò jókòó. Mo kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ elépo náà, mo sì rò ó fún un láti orí àgádágodo títí dé orí ẹ̀rọ Tinúkẹ́.

Ó gbọ́ mi tán. Ó mú sípánà, ó tún gbé e sílẹ̀.

"Ká ní ẹ̀rọ yẹn kò dé ńkọ́, Mọ́dàámù?"

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ká ní kò dé, inú ẹ̀bi tí mo kó o sí ni ì bá kú sí, èmi ì bá sì máa sùn dáadáa.

"Mo fojú ẹ̀gàn wò yín," ni mo wí. "Ẹ dárí jì mí."

"Ẹ dìde. Kì í ṣe ibí lẹ ti sọ ọ́. Ibi tí ẹ ti sọ ọ́ ni kí ẹ ti lọ tú u."

Mo kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ Ìyá Bùnmi. Mo sọ fún un pé èmi ni, kì í ṣe ọmọ Ọ̀tùn yẹn. Ó ní, "Páànù tí mo fi dé kànga yẹn, ẹ̀yin ló yẹ kí n dé e fún." Mo gbà.

Ọjọ́ ìdágbére mi ní láàbù ni mo tú u fún àwọn yòókù. Gbọ̀ngàn kún. Wọ́n ti sọ̀rọ̀ dáadáa nípa mi fún ohun tó lé ní wákàtí kan: obìnrin tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́, obìnrin tí kì í gba ìgbàkugbà. Nígbà tí wọ́n gbé gbohùngbohùn fún mi, mo sọ orúkọ Ògúnlàdé, mo sọ ohun tí mo fi kàn án, mo sọ ohun tó wà nínú kẹ́ẹ̀gì mi. Ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ ìjọ́sí wà níbẹ̀, orí ilẹ̀ ló ń wò. Alága ètò sáré gba gbohùngbohùn, ó ní kí a gbàdúrà sórí oúnjẹ.

Mo ti fi ìwé ìpè ránṣẹ́ sí Ọ̀tùn, ṣùgbọ́n mi ò retí pé yóò wá. Nígbà tí mo gbójú sókè lẹ́yìn àdúrà, mo rí i lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó wọ bùbá funfun, fìlà rẹ̀ wà lọ́wọ́. Kò dúró jẹun. Ó rìn wá sí iwájú láàárín àwọn àga, gbogbo ojú ń tẹ̀ lé e, ó dúró síwájú mi.

"Mo gbọ́," ló wí.

Ó dé fìlà rẹ̀, ó sì jáde.

Àwọn ènìyàn ní ó ti dárí jì mí nìyẹn. Èmi kò lè fọwọ́ sọ̀yà. Ohun tó sọ ni mo kọ fún yín yìí, mi ò fi kún un, mi ò yọ nínú rẹ̀.